Bàbá Tóbi, má fi ẹsẹ̀ tó ń kú yẹn falẹ̀

Bàbá Tóbi ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù Birmingham, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà dáadáa l'Ákùúrẹ́ níbí. Mo gbọ́ vóìsì nóòtì tó o fi ránṣẹ́ lánàá, mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó o ti sọ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún máa ń kú tipiri látìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ tó o bá ti wa bọ́ọ̀sì pẹ́, àyà mi já, torí nǹkan tó ṣe èmi náà lésìí nìyẹn, mi ò kàn sọ fún ẹ ni.

Jẹ̀díjẹ̀dí ni mo pè é. O ṣáà mọ bá a ṣe máa ń ṣe ní gáréèjì, tí ẹ̀yìn bá ti ń dunni, ìyá alágbo ti bu ife kan kalẹ̀ nìyẹn. Àràárọ̀ ni mò ń mu ún kí n tó gbéra lọ Ọ̀wọ̀, ẹ̀yìn ò san. Ìgbà tó dọjọ́ kan, mo sọ̀ kalẹ̀ l'Ógbèsè, mo ki àpò gààrí kan mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yìn mi dún kẹ́ẹ̀, mi ò lè nàró mọ́, kọndọ́kítọ̀ mi ló gbá mi mú.

Obìnrin físíò, àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti eegun ní ọsibítù, tó yẹ̀ mí wò ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi tó fi ní kí n yọ ohun tó wà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò mi. Pọ́ọ̀sì, pátíkúlà, láísẹ́ǹsì, owó ṣéńjì, gbogbo ẹ̀ nípọn bí ọṣẹ ìfọṣọ. Ó ní orí ẹ̀ ni mò ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ìdí kan ga ju ìkejì, ó sì ń tẹ iṣan ńlá tó gba ìdí lọ sẹ́sẹ̀. Ó tún ní ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tó bá jókòó ní bó ṣe ń gbọ̀n tiẹ̀, bí ìgbà 4 sí 6 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ọkọ̀ tó ń wọ gálọ́ọ̀pù náà sì ń gbọ̀n sún mọ́ iye yẹn, ṣe làwọn méjèèjì á máa kún ara wọn lọ́wọ́, iṣan ẹ̀yìn ò ní sinmi, tèèyàn bá wá lọ gbé ẹrù láìtíì rìn díẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bà jẹ́. Ó dùn mí gan-an pé látọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀ kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí.

Mo ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì báyìí, mo ti tún fóòmù síìtì tó jìn yẹn ṣe, mo ká táwẹ́lì síbi ìbàdí, tí mo bá sì dé Ọ̀wọ̀ mo máa ń rìn yí páàkì ká ná kí n tó fọwọ́ kan ẹrù ẹnikẹ́ni.

Òfin ti wà lọ́dọ̀ tiyín láti 2005, ọmọ mi ló bá mi wò ó lórí fóònù. Tí gbígbọ̀n ọkọ̀ bá ti dé 0.5 m/s² (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bó ṣe le tó nìyẹn) fún wákàtí 8, ọ̀gá gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i, kò sì gbọdọ̀ kọjá 1.15. Kò sẹ́ni tó ń wọn tiwa níbí. Torí náà kọ̀wé sáwọn ọ̀gá ẹ nípa síìtì bọ́ọ̀sì tó ò ń wà yẹn, má kàn fẹnu sọ ọ́, kó o sì lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá lọ jẹ́ pé abẹ́ ẹ náà ń kú, tàbí ìtọ̀ ò ṣeé dì mú tàbí kò jáde, jọ̀ọ́, má jẹ́ kílẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣú, ọsibítù ni kó o gbà lọ.

Pè mí lálẹ́ Sọ́ńdè, mi ò ní jáde, kó o sọ ohun tí dókítà wí.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ,
Bàbá Fúnkẹ́