Sí Àbẹ̀kẹ́, kí ẹ tó gbé Àkànní lọ sí ọgbà ìṣeré

Surúlérè, Èkó

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ọkọ rẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ fẹ́ gbé Àkànní, ọmọ yín, ọkọ tèmi, lọ sí ọgbà ìṣeré ní Lẹ́kí lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún, nítorí Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Ó dáa, àmọ́ ẹ yí ọjọ́ padà. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń gba ìsinmi lọ́jọ́ náà, irú ibẹ̀ yẹn ni wọ́n sì ń ya lọ, ariwo wọn á sì pọ̀ jù fún etí rẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kí ẹ débẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò sọ fún ẹ rí. O ò tíì pé ọdún mẹ́fà nígbà tí mo mú ẹ lọ ra aṣọ Kérésì ní Bálógun. Èrò ń gbá wa síwá sẹ́yìn, àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ń fi orin borí orin, àwọn alábàárù ń pariwo "ẹ yàgò, ẹ yàgò!" O di etí rẹ mú, o ké, o jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀. Ojú tì mí, mo gbá ẹ létí. Etí tó ń ro ọmọ, òun náà ni mo gbá. Ìgbà tí Àkànní ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi ìkómọ ọjọ́sí, nígbà tí wọ́n tan gbohùngbohùn, ló tó yé mi pé kì í ṣe àkẹ́bàjẹ́.

Nítorí náà, ra ohun ìbotí fún un. Òwú ò lè dá irú ariwo yẹn dúró. Èyí tó rí bí abọ́ méjì, irú tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ la gẹdú máa ń dé sórí, ni mò ń sọ. Wá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta akoto àti bàtà iṣẹ́, kó sì jẹ́ ti ọmọdé. Jẹ́ kó máa fi ṣeré nílé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jẹ́ ẹnu géètì ló ti kọ́kọ́ rí i, yóò jù ú nù ni.

Etí rẹ̀ á sì ti kún kí ẹ tó débẹ̀. Láti Yábà, hóònù lórí Third Mainland, hóònù ní Ọ̀báléndé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí dé Jákàǹdè! Tí ẹ bá dé, ẹ pa rédíò, kí ẹ jókòó sínú mọ́tò díẹ̀ ná.

Ní ti ìlà, ọmọ ọdún márùn-ún ò mọ ohun tó ń jẹ́ "ó kù díẹ̀". Kí ọkọ rẹ tò, kí ìwọ àti Àkànní wà lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n kó ti sọ fún ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó àti ọmọ mi ń bọ̀ o." Èkó lèyí. Bí ẹ bá kàn ṣàdédé yọ níwájú, wọ́n á ní ẹ fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ, ariwo tí ẹ ń sá fún á wá di ti yín.

Fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sí i lápá.

O máa ń mọ̀ pé ara rẹ̀ ò gbà á mọ́ tó bá ti ń jẹ ọrùn aṣọ rẹ̀, tó ń kùn. Ẹ gbé e jáde nígbà yẹn, ẹ má dúró dìgbà tó bá na ara sílẹ̀. Ọkọ rẹ á ní àwọn ò tíì jẹ owó tíkẹ́ẹ̀tì tán. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí obìnrin kan bá sì ń wò yín bíi pé ọmọ yín ò lẹ́kọ̀ọ́, má dá a lóhùn. Èmi náà ti wo ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ tèmi gan-an.

Bí ibẹ̀ bá le jù fún un, Lekki Conservation Centre wà ní ọ̀kánkán Chevron. Igi ló yí i ká, ọ̀bọ wà níbẹ̀. Àfárá orí igi wọn gùn tó mítà 401, ó sì ń mì. Ẹ fìyẹn sílẹ̀ o, ilẹ̀ ti tó ọkọ mi.

Tàbí kí ẹ kúkú yà lọ́dọ̀ mi. Màá ti din dòdò, màá sì bẹ bàbá rẹ, tí etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, kó pa tẹlifíṣọ̀n tó máa ń ṣí dókè yẹn.

Èmi ni ìyá rẹ.