Ihò ìdí: ẹ bá wa bi dókítà

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ihò kékeré tó máa ń yọ lókè ibi tí ìdí ti pín sí méjì, tí irun máa ń wọ̀ ọ́ táá sì máa ṣọyún, tí dókítà ń pè ní pilonidal sinus, ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ń mú jù, àwọn ọlọ́kadà wa ní Kétu níbí ojú sì ń tì wọ́n láti sọ.

Tí wọ́n bá dé ọsibítù, dókítà kan á gé e, á fi ojú egbò sílẹ̀ kó san fúnra ẹ̀, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, òmíì á rán an pọ̀ láàárín gbùngbùn. Ti rírán sáàárín yìí ló ń bí mi nínú, torí ìwádìí ti fi hàn tipẹ́ pé ó máa ń pẹ́ san, ó sì máa ń padà wá ju èyí tí wọ́n rán sẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní Karydakis, níbi tí ojú rírán ti máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kì í ṣe láàárín ìdí. Wọ́n rán ti àbúrò mi sáàárín, ó tú, ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ló fi ń jókòó, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀nà míì wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe oníṣẹ́ abẹ kan kó ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, ká lè mọ ohun tá a máa bèèrè ká tó fọwọ́ síwèé.

Ọmọ Kétu kan