Màámi, orí omi ni mo wà nígbà tí ẹ pè

Màámi,

Ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ pè mí nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, n ò gbé e, nígbà tí mo sì pè yín padà, mo ní mo sùn lọ ni. Irọ́ ni. Orí omi ni mo wà. Ẹ kọ́kọ́ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Yétúndé, tó bá jẹ́ ìwọ lò ń kà á fún wọn, rọra kà á.

Bàbá òyìnbó kan wà ládùúgbò mi ní Southampton, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ọkọ̀ ìgbòkùn kékeré kan tí kò gùn ju mítà méje lọ. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn tù ú fún ọjọ́ méjì, torí apá àwọn ò ká okùn fífà mọ́. Ọjọ́ tí Bàámi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, kó wa wọ ọkọ̀ ní adágún Jabi ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin ò wọ̀ ọ́. Etí omi lẹ dúró sí, ẹ gbá bàtà gbogbo wa mọ́ àyà, ẹ ń pe Jésù títí a fi padà dé. Síbẹ̀, mo lọ.

Lymington la ti gbéra. Omi Solent ló la àárín ibẹ̀ àti erékùṣù Isle of Wight, èèyàn sì ń rí òdìkejì kedere. Tí atẹ́gùn bá dé, ọkọ̀ á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìgbòkùn á wú bí agbádá ẹni tó dúró sójú ọyẹ́. A ò tan ẹ́ńjìnnì rárá. Omi tó ń gbá ìdí ọkọ̀ pẹ́pẹ́pẹ́ nìkan là ń gbọ́. Tí atẹ́gùn bá lọ, Bàbá á gbé omi tíì kaná.

Èmi ni mo ń kánjú. Níbi tí òkun ti há, ní ẹ̀gbẹ́ odi Hurst Castle tí Ọba Henry Kẹjọ kọ́ láàárín ọdún 1541 sí 1544, omi lè máa sáré ju kìlómítà 7 lọ ní wákàtí kan nígbà tó bá le. Ọkọ̀ wa ò fi bẹ́ẹ̀ yá ju ìyẹn lọ. Bàbá ní ká dúró kí omi yí padà, mo ní ká dán an wò. A tù, a tù, odi yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bíi lánlọ́ọ̀dù tó wá gbowó ilé. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń retí mẹ́ruwà ní Kubwa; igbe téèyàn ń ké kọ́ ló ń mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé. Nígbà tí omi yí padà lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé wa kọjá.

Iwájú díẹ̀ ni òkúta funfun mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Needles, ìyẹn Abẹ́rẹ́, to jáde sínú òkun, ilé iná tí wọ́n kọ́ ní 1859 sì wà nídìí èyí tó kẹ́yìn. Kò sí èyí tó jọ abẹ́rẹ́ nínú wọn. Ìkẹrin wọn, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, ti wó nínú ìjì ní 1764. Ṣé ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é? Aya Lọ́ọ̀tì! Mo rẹ́rìn-ín, mo sì rántí yín, torí ẹsẹ Bíbélì yẹn kì í wọ́n lẹ́nu yín nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ láti rìnrìn àjò yìí.

Yarmouth la sùn. Ọjọ́ kejì ni mo dá ohun tí mo dá. Ọwọ́ mi ni ìtọ́kọ̀ wà bá a ṣe ń wọ Newtown Creek, níbi tí omi ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ìka ọwọ́, tí ẹrẹ̀ wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹyẹ ni mò ń wò. Ọkọ̀ kàn jókòó jẹ́jẹ́, bí ẹni jókòó sórí tìmùtìmù. Ago méjì kọjá, omi sì ti ń fà. Bàbá wo ìwé tí wọ́n fi ń mọ àkókò omi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó di alẹ́. Kò pẹ́, omi lọ pátápátá, ọkọ̀ dẹ̀gbẹ́, kọ́ọ̀bù ń yọ̀ lọ lórí tábìlì. Mo gbé mọ́ínmọ́ín tí mo dì jáde, Bàbá jẹ mẹ́ta. (Bébà fadákà ni mo fi pọ́n ọn. Ẹ má sọ nǹkan kan, níbo ni n ó ti rí ewé?)

Nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Nígbà tó di ago mẹ́fà, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń pè, torí aago wa àti tiyín dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ìlú òyìnbó níbí. Ara mi ò lélẹ̀, ni mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìdí ọkọ̀. Ẹrẹ̀ gbé mi dé orúnkún. Bàbá fi okùn fà mí padà, ẹsẹ̀ bàtà mi kan ò bá mi wá. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ago mẹ́sàn-án lù, tí ilẹ̀ ò tíì ṣú, omi dé. Ọkọ̀ gbọn ara rẹ̀, ó sì dìde fúnra rẹ̀.

Owó gáàsì á dé lọ́wọ́ Yétúndé ní Fúráìdè. Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹsẹ̀ bàtà kejì wà lójú fèrèsé níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n ò tíì lè jù ú nù. Ká ní ẹ wà létí omi ni, ọwọ́ yín ni méjèèjì ì bá wà.

Ọmọ yín,
Délé