Kíndìnrín ọmọ tó wú látinú oyún

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, síkáànù ti fi hàn látinú oyún pé kíndìnrín ẹ̀ kan wú, ìyá ẹ̀ ò rí oorun sùn mọ́, tó bí i tán ó ń tú pámpásì ẹ̀ wò tọ̀sán tòru bóyá ó ti tọ̀, àwọn kan láàdúgbò wá ń sọ pé ayé ló ń ṣe é. Irọ́ ni o! Nínú oyún 100, ó lè tó 1 sí 5 tí wọ́n á ti rí kíndìnrín tó wú báyìí, ọmọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń lọ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé ọmọ padà lọ ṣe síkáànù lẹ́yìn ìbí, tí ara ẹ̀ bá gbóná tàbí tí ìtọ̀ ẹ̀ kàn ń kán tó-tó-tó, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ, ẹ má dúró se àgbo.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ,
Ọjà Ọba, Ìlọrin