Ẹni Tíṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹ̀, Kó Má Sá Pamọ́

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làákàyè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mi ò kì í sábà kọ lẹ́tà, àmọ́ àwọn ìtàn tẹ́ ẹ máa ń gbé jáde nípa àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn tí wọ́n sì wá di èèyàn ńlá lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí n mú fóònù mi kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí. Mi ò sọ pé àwọn ìtàn yẹn ò dáa o, wọ́n ń fúnni níṣìírí. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí wọ́n máa ń fò kọjá, ibi tí wọ́n ń fò yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà báyìí.

Ẹ wo ti Michael Bloomberg. Lọ́dún 1981, Salomon Brothers tó ti ń ṣiṣẹ́ ní kó máa lọ, ló bá dá tiẹ̀ sílẹ̀, ó sì di olówó rẹpẹtẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ní ìpín tiẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ yẹn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 dọ́là ló bá jáde. Ẹni tó ń ka ìtàn yẹn tówó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò lè gbé e kọjá oṣù méjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún un pé ibi tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ti gbéra yàtọ̀ síbi tóun wà, kó má lọ máa rò pé òun ló ya ọ̀lẹ tàbí pé orí òun ò pé. Ti Steve Jobs náà ńkọ́, ó kúrò ní Apple lọ́dún 1985, ó padà síbẹ̀ lọ́dún 1997, gbólóhùn kan ṣoṣo làwọn èèyàn fi ń sọ ọ́ tán. Ọdún 12 ló wà láàárín o! Kọ̀ǹpútà tí NeXT, ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, ń ṣe ò tà bó ṣe rò, débi pé lọ́dún 1993 wọ́n pa ẹ̀ka tó ń ṣe kọ̀ǹpútà rẹ́ pátápátá, sọ́fítíwíà nìkan ni wọ́n gbájú mọ́, sọ́fítíwíà yẹn náà ni Apple wá rà tòun ti ilé iṣẹ́ náà. Ta ló mọ̀ lọ́dún 1993 pé ibi tọ́rọ̀ á já sí nìyẹn? Kò sẹ́nì kankan.

Mo mọ bọ̀dá kan, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni, wọ́n fún un ní ìwé gbélé-ẹ níbi tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́. Kò sọ fún ìyàwó ẹ̀. Láràárọ̀ á jí, á wẹ̀, á lọ ṣẹ́ẹ̀tì, á so táì, á gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká, á ní ó dàbọ̀, á wá lọ jókòó sínú mọ́tò ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń páàkì mọ́tò, ibẹ̀ láá wà títí tílẹ̀ á fi fẹ́ẹ́ ṣú. Kọ̀ǹpútà ò sí nínú báàgì yẹn o, ilé iṣẹ́ ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Bébà àtijọ́ ló kó sínú ẹ̀ kó lè wúwo, kíyàwó ẹ̀ tó bá ṣèèṣì gbé e má bàa fura. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, bébà yẹn ló pa á lẹ́kún ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìtìjú yẹn torí pé òun ló ń dí ọ̀nà mọ́ èèyàn ju àìsí iṣẹ́ fúnra ẹ̀ lọ. Kí ló sì ń fa ìtìjú ọ̀hún gan-an? Lọ́dún 2020 tí àrùn Kòrónà dé, àjọ ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé ṣírò wákàtí iṣẹ́ tó sọ nù, wọ́n ní ó tó ti iṣẹ́ alákòókò kíkún mílíọ̀nù 255. Ṣé gbogbo wọn ni ò mọṣẹ́ ṣe ni? Ilé iṣẹ́ méjì máa ń para pọ̀, wọ́n á ní ẹ̀ka kan ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ tuntun máa ń dé, ọ̀gá tuntun máa ń dé tòun tàwọn èèyàn tiẹ̀. Ẹni tí wọ́n yọ lórúkọ nínú irú ẹ̀ wá ń gbé e kiri bíi pé òun ló jalè.

Abúlé kan wà lórílẹ̀-èdè Austria tó ń jẹ́ Marienthal, kò jìnnà sí ìlú Vienna. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ran òwú tó sì ń hun aṣọ ni gbogbo wọn gbára lé, nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú dé láàárín 1929 sí 1930, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Àwọn olùwádìí kan, Marie Jahoda, Paul Lazarsfeld, Hans Zeisel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, lọ síbẹ̀ lọ wo báwọn èèyàn ṣe ń lo ọjọ́ wọn, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 1933. Èèyàn á rò pé ẹni tí ò lọ ibi iṣẹ́ mọ́ á ráyè kàwé dáadáa, àbí? Wọ́n tiẹ̀ yọ owó tí wọ́n ń gbà ní ilé ìkàwé kúrò, síbẹ̀ iye ìwé táwọn èèyàn ń yá já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì. Àwọn olùwádìí yẹn dúró sójú wíńdò tí wọ́n ń wo àwọn tó ń kọjá lójú títì, àwọn ọkùnrin á rìn díẹ̀ wọ́n á dúró, wọ́n á tún rìn díẹ̀ wọ́n á tún dúró, àwọn obìnrin ló ń yára rìn torí pé iṣẹ́ ilé ò bọ́ lọ́wọ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà ò mú aago dání mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe láti àárọ̀ sílẹ̀, wọn ò rí nǹkan gidi kan kọ.

Lẹ́yìn ìgbà náà Jahoda wá ṣàlàyé pé yàtọ̀ sí owó, iṣẹ́ ló ń pín ọjọ́ wa sí wákàtí, òun ló ń jẹ́ ká rí èèyàn tí kì í ṣe ará ilé wa, òun ló ń jẹ́ ká wà lára ohun tó ju àwa nìkan lọ, òun ló ń fún wa ní ipò táwọn èèyàn fi ń mọ̀ wá, kò sì ní jẹ́ ká káwọ́ lẹ́rán. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ ń lọ! Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe kì í bi ẹni tíṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pé kí ló fẹ́ fayé ẹ̀ ṣe báyìí, ẹni tọ́kàn ẹ̀ ṣì ń lù kìkì kò lè dáhùn ìyẹn, ìbéèrè yẹn tiẹ̀ máa ń dà bí ìbáwí létí ẹ̀ ni. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé aago mélòó lo jí lónìí, ta lo bá sọ̀rọ̀ lánàá tí kì í ṣe ará ilé ẹ, ibo lò ń lọ lọ́la. Tó bá ní ibì kan tó ń lọ lọ́jọ́ Tuesday lọ́jọ́ Thursday, ì báà jẹ́ pé ó ń bá wọn to ìwé ní láíbìrì tàbí pé ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo Excel, orí ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò, ìgbà yẹn ló tó lè ronú síbi tọ́nà tuntun wà.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mark Granovetter, ọ̀mọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà kan, ṣèwádìí lórí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀, ó gbé e jáde lọ́dún 1973. Nínú 100 wọn, àwọn bíi 17 péré ló jẹ́ pé kòríkòsùn tí wọ́n ń rí déédéé ló júwe iṣẹ́ náà fún wọn, àwọn tó kù, ojúlùmọ̀ lásán ni, ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tàbí tí wọn ò tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí mọ́. Lọ́dún 2022 àwọn olùwádìí tún yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò lórí LinkedIn, ìkànnì táwọn òṣìṣẹ́ àtàwọn tó ń wáṣẹ́ ti máa ń pàdé, láàárín èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 20, wọ́n rí i pé àwọn tá a mọ̀ níwọ̀nba ló ṣeé ṣe jù kí wọ́n mú wa dé ibi iṣẹ́ tuntun. Tá a bá rò ó dáadáa kò yani lẹ́nu, ohun tọ́rẹ̀ẹ́ wa gidi mọ̀ làwa náà mọ̀, ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ló ń gbọ́ ohun tá ò tíì gbọ́. Ẹ wá sọ fún mi, báwo ni ojúlùmọ̀ ṣe máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ? Bọ̀dá inú mọ́tò yẹn, ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí ń pè é, ń pè é, kò gbé e, ó rò pé onítọ̀hún fẹ́ tọ pinpin ni. Ọjọ́ tó wá gbé e, ẹni yẹn ń wá ẹni tó máa bá ilé iṣẹ́ kékeré kan tún ìwé ìnáwó wọn ṣe ni. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, kò tó nǹkan, àmọ́ ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn oníṣòwò kéékèèké tó nílò irú ẹ̀ pọ̀ gan-an, òun ló sì ń ṣe títí dòní. Kò lówó tó ti tẹ́lẹ̀ o, kí n má parọ́. Ó ń sùn lóru ṣá.

Nǹkan mìíràn ni inú tó ń bí èèyàn. Inú á bí ẹ, ó gbọ́dọ̀ bí ẹ, wọ́n lo ẹ̀mí ẹ fún ọdún gbọọrọ wọ́n wá fi íméèlì lé ẹ. Àmọ́ tó o bá gbé ìbínú yẹn wọ yàrá íntáfíù, wọ́n á rí i lójú ẹ kó o tó jókòó. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Spera, Buhrfeind àti Pennebaker, ṣe ohun kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1994. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹnjiníà, ni wọ́n lò, wọ́n ní káwọn kan lára wọn máa fi 20 ìṣẹ́jú kọ gbogbo ohun tó wà nínú wọn nípa iṣẹ́ tó bọ́ náà sílẹ̀ lójúmọ́, fún ọjọ́ 5. Lẹ́yìn oṣù 8, ó ju ìdajì wọn lọ tó ti rí iṣẹ́ gidi, àwọn tí ò kọ ọ́ ò sún mọ́ iye yẹn rárá. Wọn ò pọ̀ tí wọ́n fi ṣèwádìí náà, torí náà mi ò ní sọ pé oògùn ni. Ohun tó wọ̀ mí lára níbẹ̀ ni pé àwọn tó kọ ọ́ yẹn ò kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ, wọn ò sì wá iṣẹ́ jù wọ́n lọ.

Èmi náà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi rí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Kọ́sítọ́mà kéà ni mo wà, ká máa gbé fóònù káwọn èèyàn máa bú wa, mo sì rò pé ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Àǹtí kan ló ní kí n má kọ orúkọ ipò mi sílẹ̀, kí n kọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe gan-an láti aago mẹ́jọ títí dìgbà tí mo bá kúrò. Mo kọ ọ́ lọ kọ ọ́ bọ̀, mo wá rí i pé gbogbo ẹni tuntun tó bá dé, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n máa ń fi jókòó sí, èmi ni mò ń kọ́ wọn, kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún mi lórí ìyẹn, kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fáwọn òṣìṣẹ́ tuntun ni mò ń ṣe báyìí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́wọ́ mi lórí ọ̀nà yẹn kéré sí ohun tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀, mo gbà á, torí pé ẹni tó ń ṣe nǹkan kan ni wọ́n tètè máa ń pè.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni mò ń bá wí. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Kroft àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi nǹkan bí 12,000 ìwé ìwáṣẹ́ tí wọ́n fúnra wọn hùmọ̀ ránṣẹ́ sáwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2013, bó ṣe ń pẹ́ tí onítọ̀hún ti wà láìníṣẹ́ ni iye àwọn tó ń pè é fún íntáfíù ń lọ sílẹ̀, láàárín oṣù 8 àkọ́kọ́ ló sì ti já wálẹ̀ jù. Ìwé tó dọ́gba o, oṣù tó fi jókòó sílé nìkan ló yàtọ̀. Ẹ ò tíì rí ojú ẹni náà, ẹ ò tíì bi í ní ìbéèrè kan, ẹ ti rò pé tó bá dáa ni, ẹlòmíràn ì bá ti mú un. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ pe irú wọn wá kẹ́ ẹ gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin ará ilé náà, ìyàwó, ọkọ, òbí, ẹ má máa fi ojoojúmọ́ béèrè pé ṣé wọ́n ti pè ẹ́. Tí wọ́n bá pè é, ẹ̀yin lá kọ́kọ́ sọ fún.

Ìbéèrè mi sí yín rèé o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ẹ bá wa ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín fáwọn tí ò tíì débẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣì ń wá, kí wọ́n sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n ń gbìyànjú ẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kẹ́ ẹ dárúkọ òun, ẹ má dárúkọ ẹ̀. Tẹ́ni kan bá sì kọ̀wé sí yín pé òun ní iṣẹ́ tó bá ti ẹnì kan mu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa so wọ́n pọ̀. Ìtàn àwọn tó ti là á já, ẹ máa gbé e jáde lọ, àmọ́ ẹ máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń jẹ láàárín, ta ló ń yá wọn lówó, ìgbà mélòó ni wọ́n yí ohun tí wọ́n ń wá padà kó tó bọ́ sí i.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín