Ẹ Béèrè Omi Kí Ẹ Tó Béèrè Wúrà: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tó Ń Lọ Òkè Òkun

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ti dé Amẹ́ríkà, tí ẹ ṣì ń wá ibi tí ẹ ó fìdí kalẹ̀ sí. Mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé, tí ẹ ń ta ilẹ̀, tí ẹ ń yá owó, nítorí ẹ ti gbọ́ pé owó wà lọ́hùn-ún. N kò ní kí ẹ má lọ. Ìtàn ìlú kan ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀. Jamestown lorúkọ rẹ̀, ní Virginia, òun sì ni ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ dó ní Amẹ́ríkà tó dúró. Wọ́n ti gbìyànjú ní erékùṣù Roanoke ṣáájú, àwọn tí wọ́n fi síbẹ̀ di àwátì.

Ní 1606, Ọba James Kìíní fún àwọn oníṣòwò kan ní London níwèé àṣẹ láti lọ tẹ ìlú dó. Wọ́n dáwó jọ, èrè ni wọ́n sì ń retí. Wọ́n ti gbọ́ bí àwọn ará Sípéènì ṣe kó wúrà àti fàdákà ní Mẹ́síkò àti Perú, àwọn náà fẹ́ tiwọn. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni ọkọ̀ mẹ́ta gbéra, Susan Constant, Godspeed àti Discovery, Christopher Newport ló ṣáájú wọn. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 1607, ọkùnrin àti ọmọdékùnrin 104 sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kan tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán. Kò sí obìnrin kankan láàárín wọn.

Ẹ wo ìdí tí wọ́n fi mú ibẹ̀. Odò náà jìn létí bèbè débi pé wọ́n lè so ọkọ̀ mọ́ igi. Bí ọkọ̀ ogun Sípéènì bá yọ, wọ́n á tètè rí i. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń gbébẹ̀. Ohun tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n kà sí oríire, òun gan-an ló sì yẹ kó já wọn láyà. Àwọn Paspahegh tó nilẹ̀ mọ ibẹ̀ dáadáa, wọ́n máa ń dẹ ìgbẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́lé síbẹ̀. Irà ni, ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀, bí ọ̀dá bá sì dé, omi iyọ̀ láti òkun á ya wọnú odò tí wọ́n ń mu. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn ọ̀gá wọn ní London ti kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pé kí wọ́n má tẹ̀dó sí ibi tó rẹlẹ̀ tó sì tutù, nítorí àìsàn. Wọ́n ka ìwé náà, wọ́n sì ṣe tinú wọn.

Omi la bù wẹ̀, omi la bù mu, ẹnìkan kì í bómi ṣọ̀tá. Wọn ò gbẹ́ kànga, odò ni wọ́n ń mu lóṣù dé oṣù. Ibà dé, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ dé, ebi náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí Newport padà mú èèyàn tuntun àti oúnjẹ wá ní oṣù Kìíní 1608, nǹkan bí 38 ló bá lóòyè.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn létí yín. Nígbà tí ẹ bá ń yan ìlú tí ẹ ó gbé, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń san níbẹ̀. Ẹ béèrè iye tí ilé ń gbà lóṣù, bí ẹ ó ṣe rí dókítà bí ara kò bá dá, bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí, àti ohun tí ẹ ó jẹ títí owó oṣù àkọ́kọ́ yóò fi wọlé. Ẹ bi àwọn tó ti ń gbé ìlú náà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí àdúgbò tí gbogbo ará ibẹ̀ ń sá kúrò, tí ilé ibẹ̀ sì pọ́ọ́kú, ẹ béèrè ohun tó ń lé wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Jamestown. Bí ìdajì àwọn tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n jẹ́ ọmọ ọlọ́lá tí kò mọ oko ro. Káfíńtà, bíríkìlà àti alágbẹ̀dẹ kò tó nǹkan. Dípò kí wọ́n dáko, wúrà ni wọ́n ń wà kiri. Ní 1608, Newport di ilẹ̀ tó ń dán sínú ọkọ̀, ó kó o lọ sí London, kò sì já mọ́ nǹkan kan. Ẹ rò ó wò ná: àwọn tí kò ní oúnjẹ, tí wọ́n wá ń fi ọkọ̀ tó lè gbé oúnjẹ kó yẹ̀pẹ̀ kọjá òkun!

Lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ti ń rí àgbàdo. Wahunsenacawh, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Powhatan, ló ń jọba lórí nǹkan bí ọgbọ̀n ìlú àti ẹ̀yà káàkiri agbègbè náà. Àwọn èèyàn rẹ̀ mọ ìgbà tí ẹja ń gòkè odò, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú ká lọ sínú igbó bí oúnjẹ abà bá tán. John Smith, ọ̀kan lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, fi bàbà àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ àgbàdo lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di olórí ní 1608, ó pàṣẹ pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò ní jẹun, ìlú sì rí ẹsẹ̀ dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dá ti mú. Àwọn onímọ̀ tó yẹ inú igi ìgbàanì wò rí i pé ọ̀dá ọdún 1606 sí 1612 ló burú jù láàárín nǹkan bí 770 ọdún níbẹ̀. Oúnjẹ kò tó onílẹ̀ alára, àlejò sì ń fi ìbọn béèrè rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti kú.

Ẹ̀tù ìbọn bú gbàmù mọ́ Smith lára ní 1609, ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onílẹ̀ sé ọ̀nà mọ́ àwọn tó wà nínú odi. Àwọn mìíràn ti dé kún wọn nígbà náà, tọkùnrin tobìnrin. Nínú nǹkan bí 300 èèyàn, nǹkan bí 60 ló rí ìgbà ìrúwé 1610. Wọ́n jẹ ẹṣin, wọ́n jẹ ajá, wọ́n jẹ eku, wọ́n se awọ bàtà. Ní 2012, àwọn awalẹ̀pìtàn hú egungun ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún 14, ojú ọ̀bẹ wà lára egungun orí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n jẹ ẹran ara rẹ̀ lẹ́yìn tó kú. N kò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ọmọ ẹnìkan ni, ó sì yẹ ká mọ̀ pé ó wá síbẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà 1610 wọ́n fi ìlú sílẹ̀, wọ́n wọkọ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti gbọ́ pé Lord De La Warr, gómìnà tuntun, ń bọ̀ pẹ̀lú èèyàn àti oúnjẹ, ló bá dá wọn padà.

Owó tí wọ́n ń wá dé níkẹyìn, kì í sì í ṣe wúrà. John Rolfe, ọ̀kan lára àwọn ará ìlú náà, gbin irú tábà kan tó dùn mọ́ àwọn ará London lẹ́nu, àkọ́kọ́ rẹ̀ sì wọ ọjà ibẹ̀ ní nǹkan bí 1614. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbin tábà sójú títì ìlú. Ṣùgbọ́n tábà a máa gba agbára ilẹ̀, ó sì ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀. Wọ́n ń gba ilẹ̀ kún ilẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1622, Opechancanough, ìbátan Powhatan, kó ogun jà wọ́n, wọ́n pa 347. Ogun yẹn kò ṣàdédé. Ní 1610 àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti jó ìlú Paspahegh, wọ́n sì pa aya ọba wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọwọ́ tí tábà ń fẹ́ ńkọ́? Ní oṣù Kẹjọ 1619, ọkọ̀ White Lion gúnlẹ̀ sí Point Comfort nítòsí Jamestown, ó kó ogún èèyàn lé díẹ̀ wá, ará Àńgólà tí wọ́n já gbà nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí lójú òkun. Oúnjẹ ni wọ́n fi rà wọ́n. Ìlú tí kò rí àgbàdo jẹ ní 1610 ti ń fi oúnjẹ ra èèyàn ní 1619. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni wọ́n, lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n kó tiwa, Brazil àti Cuba sì ni púpọ̀ wọn lọ. Síbẹ̀, ọmọ Áfíríkà ni gbogbo wọn. A mọ orúkọ obìnrin kan tó dé lásìkò náà, Angela. Nínú ìwé ìkànìyàn 1625, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń gbé nílé Ọ̀gágun William Pierce ní Jamestown. Orúkọ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n kọ fún un, kò sí ti baba, kò sí ti ìdílé.

Ọ̀rọ̀ Angela yìí ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí gan-an. Àwọn kan wà lára wa tí nǹkan ti ṣẹnuure fún lọ́hùn-ún, tí wọ́n mú ọmọ ẹlòmíràn wá láti ilé pé kó wá máa tọ́jú ọmọ àwọn. Wọ́n ṣèlérí ilé ìwé fún un, kò rí i. Kò gbowó, kò mọ òfin, wọ́n sì ti gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pamọ́ sínú àpótí. Bí o bá wà lára wọn, ọmọ mi, lónìí ni kí o fún un ní ìwé rẹ̀. Ṣírò owó iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé, kí o san án. Kí o sì pe ìyá rẹ̀ nílé, kí o fún ọmọ náà ní fóònù kó bá a sọ̀rọ̀, kí o má sì dúró tì í nígbà tó bá ń sọ ọ́.

Èmi ni bàbá yín, tí mo ń gbàdúrà fún yín.