Lẹ́tà sí bàbá darandaran tó gba ọmọ yẹn là

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò mọ̀ mí o, inú eré Oedipus tí Sophocles ará Gíríìsì kọ lẹ wà, ó sì ti lé ní 2,400 ọdún tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní Athens. Gbọ́nkà làwa níbí mọ̀ yín sí, orúkọ tí Ọlá Rótìmí fún yín nìyẹn nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ Oedipus wá sílẹ̀ Yorùbá, 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀, sẹ́kọ́ńdìrì la sì ti kà á, àfi bíi pé torí WAEC ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Nígbà yẹn ọba nìkan ni mò ń wò. Ní báyìí ẹ̀yin ni mò ń wò.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé mi ò bá yín jà torí ọmọ yẹn, Oedipus. Ọmọ tí ò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta láyé, wọ́n ti gún ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì so pọ̀, Jocasta ìyá ẹ̀ gan-an ló gbé e lé yín lọ́wọ́ pé kẹ́ ẹ lọ pa á, torí wọ́n ní ó máa pa bàbá ẹ̀. Ta ló fẹ́ ṣerú ẹ̀? Àánú ṣe yín, ẹ gbé e fún ará Kọ́ríńtì tẹ́ ẹ jọ máa ń da ẹran lórí òkè Cithaeron, ẹ rò pé ó máa gbé e lọ jìnnà, ó tán. Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti oríta yẹn, níbi tí Oedipus ti pa bàbá ẹ̀ láìmọ̀, ló ń dùn mí. Ẹ̀yin márùn-ún lẹ jáde, Laius ọba, bàbá ẹ̀, wà lára yín, ẹ̀yin nìkan lẹ padà wálé, ẹ wá sọ fáráàlú pé adigunjalè ni, pé wọ́n pọ̀. Bàbá! Ẹnì kan ṣoṣo ni! Ìgbà tẹ́ ẹ wá rí Oedipus lórí ìtẹ́, ẹ di ọwọ́ Jocasta olorì mú, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kẹ́ ẹ lọ máa da ẹran níbi tójú yín ò ti ní rí Thebes mọ́. Àwọn kan ní ẹ̀rù ló bà yín. Lójú tèmi, àánú náà ni. Ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Sphinx, abàmì ẹranko tó ń pa wọ́n, inú wọn ń dùn, olorì ti fi Oedipus ṣọkọ láìmọ̀ pé ọmọ òun ni, ta ló fẹ́ dà á rú? Ẹ dákẹ́, wọ́n bímọ mẹ́rin.

Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn dáadáa. Nígbà tí ara màmá wa ò yá, ẹ̀gbọ́n mi wà lókè òkun, ó ń múra ìdánwò, àwọn àgbà ilé ní ká má sọ fún un, pé ọkàn ẹ̀ ò ní balẹ̀ kàwé. Èmi ni mo máa ń gbé fóònù. Màmá ń sùn. Màmá wà ní fíjì. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa lónìí, ẹ ò ní gbóhùn wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ó sì pàsì o. Ọjọ́ tó pè pé kí n gbé fóònù fún màmá kóun sọ fún wọn, ó ti di ọjọ́ kẹrin tá a sin wọ́n.

Ọ̀rẹ́ yín ará Kọ́ríńtì náà ńkọ́? Ayọ̀ ló gbé wá, ó rí i pé ẹ̀rù ń ba Oedipus, ó ní kóun tù ú nínú, ló bá ní Polybus, ọba Kọ́ríńtì tó tọ́ ọ dàgbà, kọ́ ni bàbá ẹ̀. Ẹ̀ ń pariwo pé kó pa ẹnu ẹ̀ dé, kò gbọ́. Ìgbà tí wọ́n fa ọwọ́ yín sẹ́yìn lẹ tó sọ̀rọ̀. Ó sì ti pẹ́ jù nígbà yẹn, Jocasta ti wọlé lọ pokùn so.

Lẹ́yìn tí Oedipus ti fọ́ ojú ara ẹ̀ tán, ó ṣépè fún ẹni tó tú ẹsẹ̀ òun sílẹ̀, tó gba òun lọ́wọ́ ikú. Ọ̀rẹ́ yín ló tú ẹsẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbọ́ ìpín tiyín níbẹ̀, àbí?

Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣépè fún mi. Ó kàn máa ń fowó ránṣẹ́ lọ́jọ́ ìbí mi ni, kì í kọ nǹkan kan sí i. Ó ti di ọdún mẹ́rin. Òun gan-an ló yẹ kí n kọ lẹ́tà yìí sí, àmọ́ tiyín ló rọrùn, ẹ ò lè dá mi lóhùn.